Kì í Ṣe Àǹtí Sìdí Ló Tẹ̀ Ẹ́

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi kí ẹ tó bú mi. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi láti bí ọdún mẹ́rin. Mi ò sọ ọ́ fún ìyàwó mi, mi ò sì sọ ọ́ fún pásítọ̀ wa. Ohun tó wá jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí kò tilẹ̀ jọ nǹkan gidi. Mo wẹ ọmọ kan lẹ́ẹ̀mejì ni.

Lóṣù tó kọjá ni ìyàwó mi bí ìbejì, ọkùnrin méjèèjì. Wọ́n jọra débi pé èmi bàbá wọn kì í tètè dá wọn mọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, ìyàwó mi ní kí n bá òun wẹ̀ wọ́n, torí ìyá rẹ̀ ti padà sílé. Mo wẹ ọ̀kan, mo fi òróró pa á lára, mo tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo gbé ìkejì. Ohun tí mo rò nìyẹn o. Àṣé ẹni tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán ni mo tún gbé! Táyé wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, Kẹ́hìndé ò wẹ̀ rárá.

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo ti rí irú rẹ̀ rí nínú kọ̀ǹpútà, ó sì ba ayé ẹnì kan jẹ́.

Ẹ máa pè mí ní Ìdòwú. Orúkọ àmútọ̀runwá mi ni lóòótọ́. Ìyá mi bí Táyé àti Kẹ́hìndé kó tó bí mi. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, ẹ máa rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Nígbà tí katapílà ń wó ilé kiri Àbújá, tí oníkálukú ń kó ẹrù rẹ̀ sá lọ sí Kàrú àti Nyanya, èmi náà wà ní Kàrú. Mo ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ọsibítù aládàáni kan tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọdé. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Dókítà la máa ń pe ẹni tó ni ín. Èèyàn gidi ni, àmọ́ kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún òun pé "mi ò mọ̀".

Èmi ni mo mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà jù níbẹ̀. Ìyẹn ò sọ pé mo mọ púpọ̀ o. Ó kàn jẹ́ pé láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn kí n máa tú nǹkan wò. Mo tú rédíò bàbá mi palẹ̀ nígbà kan nítorí pé mo fẹ́ mọ ibi tí ẹni tó ń ka ìròyìn jókòó sí. Wọ́n nà mí dáadáa lọ́jọ́ náà, kò sì tán lára mi. Bí nǹkan bá bà jẹ́, tí àwọn èèyàn ń ṣe "háà", ojú tèmi ló máa ń tàn.

Ẹni tó ń tẹ orúkọ àwọn ọmọ sínú kọ̀ǹpútà ni Àǹtí Sìdí. Ará Ìlọrin ni, ọkọ rẹ̀ ń ta taya nínú ọjà. Ó jù mí lọ dáadáa, bí àbúrò ló ṣe mú mi. Ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé kọ̀ǹpútà síwájú rẹ̀, ìka kan ló fi ń tẹ̀ ẹ́. Ó ń wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì. Èmi ni mo kọ́ ọ. Kò pẹ́ púpọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti ń sáré lórí rẹ̀, inú rẹ̀ sì máa ń dùn. Á ní, "Ìdòwú, wo ọwọ́ mi! Àwọn ọmọ mi ò ní gbà á gbọ́."

Síbẹ̀, ẹ̀rù kọ̀ǹpútà náà ò tíì kúrò lára rẹ̀. Bí iná bá ṣẹ́jú pẹ́nrẹ́n, ó ti kígbe: "Ìdòwú o! Mo tún ti tẹ nǹkan!" Kò tẹ nǹkan kan. Gbogbo wa la máa ń fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Àní bí ìlẹ̀kùn bá pariwo, ẹnì kan á ní, "Àǹtí Sìdí tún ti tẹ nǹkan."

Ibi tí orúkọ àwọn ọmọ àti abẹ́rẹ́ àjẹsára wọn wà nínú kọ̀ǹpútà, dátábéèsì la ń pè é. Ó ti rí wúruwùru. Ìdí rẹ̀ sì ni pé ẹ mọ bí orúkọ ṣe máa ń rí nílé wa. Ìyá bàbá á sọ ọmọ ní Àjọkẹ́, bàbá ìyá á sọ ọ́ ní Ṣadé, lẹ́mọ́ọ̀mù á pè é ní Fátímà. Lónìí, ìyá gbé e dé ọsibítù, ó ní Ṣadé lorúkọ rẹ̀. Lóṣù tó ń bọ̀, bàbá ló gbé e wá, ó ní Fátímà. Àǹtí Sìdí á wá Fátímà títí, kò ní rí i, á ṣí fáìlì tuntun. Bí ọmọ kan ṣoṣo ṣe ń di ọmọ mẹ́ta nìyẹn.

Dókítà ò fẹ́ irú ẹ̀ rárá. Abẹ́rẹ́ tí Ṣadé ti gbà, wọ́n tún fẹ́ gún un fún Fátímà. Ó ní kí n tún gbogbo rẹ̀ tò sínú dátábéèsì tuntun, kí ọmọ kan ní fáìlì kan. Iṣẹ́ náà dà bí ìgbà tí èèyàn ń kó kúrò nínú ilé kan lọ sí òmíràn. Kí n kó ẹrù náà, kí n sì da ohun tó bá jẹ́ méjì-méjì nù kí n tó dé ilé tuntun.

Mo jókòó, mo rò ó. Orúkọ ọmọ ò ṣeé gbára lé, ìyẹn ti hàn. Kí ló wá ṣeé gbára lé? Ìyá ọmọ kì í yí padà. Ọjọ́ ìbí kì í yí padà. Ọkùnrin kì í di obìnrin. Mo wá kọ òfin kan fún kọ̀ǹpútà: bí fáìlì méjì bá ní ìyá kan náà àti ọjọ́ ìbí kan náà, tí méjèèjì jẹ́ ọkùnrin tàbí tí méjèèjì jẹ́ obìnrin, ọmọ kan náà ni. Kí ó mú èyí àkọ́kọ́, kí ó kó gbogbo abẹ́rẹ́ tó wà lára ìkejì lé e lórí, kí ó wá pa ìkejì rẹ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń pariwo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe sùúrù fún mi. Mo rántí ìbejì! Ta ló máa jẹ́ Ìdòwú tí kò ní rántí ìbejì? Kí n tó lo òfin yẹn, mo dán an wò. Mo tẹ Táyé wa àti Kẹ́hìndé wa sínú rẹ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n mi gan-an, pẹ̀lú orúkọ ìyá mi àti ọjọ́ ìbí wọn. Mo ní kí kọ̀ǹpútà máa ṣiṣẹ́. Nígbà tó ṣe tán, Táyé wà níbẹ̀, Kẹ́hìndé wà níbẹ̀. Mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi, mo jáde lọ ra másà, àkàrà ìrẹsì yẹn, lọ́dọ̀ ìyá Hausa tó ń dín in lẹ́nu géètì wa.

Ọjọ́ Àìkú ni mo kó ẹrù náà, torí ọsibítù máa ń dákẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo kọ́kọ́ kó gbogbo ti àtijọ́ sórí síìdì kan, mo fi í pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀ mi. Lẹ́yìn náà ni mo jẹ́ kí òfin ṣiṣẹ́. Fáìlì dín kù gan-an. Inú mi dùn, mo ní ìdọ̀tí ti lọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ò tíì dé àárín tí ìyá kan fi wọlé, aránṣọ ará Òṣogbo, ó gbé ọmọ méjì wá fún abẹ́rẹ́, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan lọ́wọ́. Sista Grace, nọ́ọ̀sì wa tó jẹ́ ará Benue, wá orúkọ wọn. Ọ̀kan ló rí. Ó ní, "Madam, na one pikin you get for here o." Ìyá náà yíjú wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní, "Ta wá ni èyí tó ń tọ̀ sí mi lára yìí?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. A ṣí fáìlì tuntun fún ọmọ náà.

Èmi ò rẹ́rìn-ín pẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ń yún mi nínú. Mo ronú pé, àbí ti ìbejì ni? Mo padà lọ dán òfin mi wò. Mo tún tẹ Táyé wa àti Kẹ́hìndé wa. Méjèèjì ò lọ síbì kan. Mo ní, ó dáa, kì í ṣe ti ìbejì.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá kan gbé ọmọkùnrin rẹ̀ tó ní ibà wá. Kò sí fáìlì rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n gbé ọmọbìnrin kan wá, kò sí tirẹ̀ náà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbé wọn wá, torí náà kò sẹ́ni tó bi wọ́n bóyá wọ́n ní ìkejì nílé. Ohun tí gbogbo ọsibítù ń sọ ni pé fáìlì ọmọ ń sọnù. Àǹtí Sìdí ti bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Ó ní, "Ìdòwú, mo mọ ọmọ yẹn. Ọwọ́ ara mi ni mo fi tẹ orúkọ rẹ̀. Ibo ló wá lọ?" Mo ní mi ò mọ̀. Òótọ́ ni, mi ò mọ̀ nígbà yẹn.

Dókítà pe gbogbo wa jọ. Ó bi mí níwájú gbogbo èèyàn pé kí ló ń pa orúkọ àwọn ọmọ rẹ́. Mi ò fẹ́ sọ pé mi ò mọ̀. Mo ní, "Sà, ó lè jẹ́ pé nígbà tí wọ́n ń tẹ orúkọ wọlé, wọ́n ṣèèṣì tẹ ohun tó ń pa nǹkan rẹ́."

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kí ni mo tún fẹ́ dárúkọ fún? Ẹnì kan ṣoṣo ló ń tẹ orúkọ wọlé níbẹ̀. Gbogbo ojú yí sí Àǹtí Sìdí. Mo rò pé á bínú, pé á ní irọ́ ni. Kò bínú. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ó ní, "Sà, ó lè jẹ́ èmi lóòótọ́. Mo máa ń tẹ nǹkan láìmọ̀."

Àwa la ń fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ lójoojúmọ́, òun sì ti gbà á gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì ìpàdé yẹn ni Sista Grace pè mí. Ó ní, "Oga Idowu, come see. This pikin take the same injection two times, same day. Who dey do this kind thing?" Mo wò ó. Lóòótọ́, ọmọ náà gba abẹ́rẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan náà, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan o, gbogbo ìgbà tí wọ́n gbé e wá ni. Kò sí nọ́ọ̀sì tó máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú mi tàn. Mo ní kí kọ̀ǹpútà wá gbogbo ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ méjì-méjì báyìí jáde. Wọ́n pọ̀. Mo gbé síìdì mi síta, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wò wọ́n níkọ̀ọ̀kan nínú dátábéèsì àtijọ́.

Ẹni àkọ́kọ́, Táyélolú, ó ní ìkejì tó ń jẹ́ Kẹ́hìndé. Ẹni kejì, Hassan, ó ní ìkejì tó ń jẹ́ Hussaini. Ẹni kẹta, ìbejì. Ẹni kẹrin, ìbejì. Kai! Gbogbo wọn pátá ni ìbejì. Abẹ́rẹ́ Kẹ́hìndé ló wà lára Táyé, Kẹ́hìndé fúnra rẹ̀ ti pa rẹ́.

Kí ló dé tí tiwa ò pa rẹ́? Mo tẹjú mọ́ orúkọ àwọn ẹ̀gbọ́n mi. Mo rí i. Táyé wa, ọkùnrin ni. Kẹ́hìndé wa, obìnrin ni. Ìbejì tó jẹ́ ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì ni òfin mi ń gbé mì. Ìbejì ilé wa ni mo fi dán ọ̀rọ̀ gbogbo ìbejì ayé wò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kórìíra mi nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe mí ni ìdùnnú. Mo ti rídìí rẹ̀! Mo fò dìde lórí àga. Mo fẹ́ sọ fún ẹnì kan, ẹni tí mo sì máa ń sọ irú rẹ̀ fún ni Àǹtí Sìdí. Mo ti rìn dé ẹ̀gbẹ́ tábìlì rẹ̀. Ó ti fi ìbora bo kọ̀ǹpútà, ó jókòó, ó káwọ́ sórí itan, ó ń wo kọ̀ǹpútà náà. Kò fẹ́ fọwọ́ kàn án mọ́.

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí." Mo kọjá, mo lọ mu omi.

Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Ohun tí mo ti ṣe ṣáájú, àṣìṣe ni, mo sì lè bẹ̀bẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n mo mọ òótọ́ nígbà tí mo ń mu omi yẹn. Mo rò ó pé bí mo bá sọ ọ́, Dókítà á ní èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ lára, á sì lé mi. Mo ní kí n kọ́kọ́ tún un ṣe ná, màá sọ tó bá yá.

Mo kó àwọn ọmọ náà padà láti orí síìdì. Mo yí òfin náà padà, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Dókítà tún pe gbogbo wa jọ. Ó ní ká pàtẹ́wọ́ fún Ìdòwú tó wá ohun tó sọnù rí. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àǹtí Sìdí ló pàtẹ́wọ́ jù. Ó yá, kò sì ṣeé sọ mọ́.

Nígbà tí oṣù parí, Dókítà ní kí Àǹtí Sìdí máa lọ. Kò pariwo mọ́ ọn, ó kàn ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ò bá a mu. Lọ́jọ́ tó wá kó ẹrù rẹ̀, ó gbé wàrà wá fún mi nínú kúlà. Ó ní, "Ìdòwú, o bò mí láṣìírí. Bí kì í bá ṣe ìwọ ni, orí mi ni ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ọlọ́mọ yẹn ì bá wà títí ayé. Ọlọ́run á bá mi bò ọ́ náà." Mo ní àmín. Mo gba wàrà náà, mo sì jẹ ẹ́. Títí dòní, mi ò mọ bí mo ṣe rí i gbé mì.

Kò pé ọdún kan tí mo fi kúrò níbẹ̀. Mo rí iṣẹ́ sí ilé ìkẹ́rùsí kan ní Idu, mo gbéyàwó, a kó lọ sí Gáladímáwá. Mo ń sọ fún ara mi pé ó ti kọjá.

Nígbà tí ìyàwó mi bímọ tán, obìnrin kan tó ń ta aṣọ ọmọdé ní ọjà Kàrú ló ta fìlà fún un. Nígbà tó gbọ́ pé ìbejì ni, ó fi méjì sí i lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní òun á wá kí wọn. Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló wá. Bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn, Àǹtí Sìdí ni mo rí! Ó dì mọ́ mi. Ó ní, "Ìdòwú! Ìwọ lo wá bí ìbejì!" Ó gbé wọn, ó kì wọ́n, ó ṣàdúrà títí.

Nígbà tí ìyàwó mi wọ ilé ìdáná, Àǹtí Sìdí rọra sún mọ́ mi. Ó ní ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan wà nítòsí òun, wọ́n fẹ́ kí òun wá máa gba àwọn òbí lálejò, kí òun máa tẹ orúkọ àwọn ọmọ sínú kọ̀ǹpútà. Òun ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní àwọn á dúró dè é títí ìparí oṣù yìí. Ó ní láti ọjọ́ tó ti kúrò ní ọsibítù yẹn, òun ò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà mọ́. Nọ́ńbà orí fóònù òun gan-an, ọmọ òun ló ń bá òun fi í pamọ́.

Ó wá wò mí lójú. Kò bínú o, bí ẹni tó fẹ́ kọ́ nǹkan ló ṣe wò mí. Ó ní, "Ìdòwú, ìwọ tó mọ̀ ọ́n, jọ̀ọ́ sọ fún mi. Kí ni mo tẹ̀ gan-an lọ́jọ́ yẹn? Mo ti rò ó títí. Bí mo bá mọ̀ ọ́n, mi ò ní tẹ̀ ẹ́ mọ́."

Èmi tí mo máa ń fẹ́ mọ ìdí gbogbo nǹkan, mo ti fi obìnrin yìí sílẹ̀ kó máa wá ìdí ohun tí kò ṣe láti ọdún mẹ́rin yìí wá. Mo ní, "Ó ti pẹ́, Àǹtí. Mi ò rántí mọ́." Ó mi orí. Ó ní kò burú, bóyá màá rántí kí òun tó padà wá.

Síìdì yẹn wà lábẹ́ aṣọ nínú àpótí mi dòní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n lọ bá Dókítà kí n tó lọ bá Àǹtí Sìdí? Ṣé kí n sọ ọ́ lójú ìyàwó mi? Ẹ̀rù ò bà mí pé á bú mi. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé á ti ní "ó ti tán" kí n tó sọ ọ́ dé ìdajì, torí bó ṣe rí nìyẹn. Àti pé mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti dúró níwájú dígí, mo gbìyànjú rẹ̀, ẹnu mi ò ṣí.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ń ka èyí ní Kàrú, tó sì mọ obìnrin ará Ìlọrin kan tó ń ta aṣọ ọmọdé nínú ọjà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á sí i létí. Àǹtí Sìdí, ẹ dárí jì mí. Ẹ ò tẹ nǹkan kan. Ẹ lọ gba iṣẹ́ yẹn.